Réèkì Tó Ti Òkè Òkun Dé Ìwó

Ìwó,
9 Oṣù Kẹwàá, 2024

Habeeb ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ nínú òtútù ibi tí o wà. Ìyá rẹ kí ọ. Kareemah àbúrò rẹ náà kí ọ; òun ló ń fi fóònù ya ìwé tí mo bá kọ, òun ló sì ń lọ tẹ tìrẹ jáde fún mi kí ojú mi lè rí i kà. O mọ̀ pé etí mi kò gba ìpè mọ́. Ariwo katakata tí mo fi gbogbo ayé mi wà ti jẹ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá gbé fóònù sí mi létí, àfi bí ẹni gbé òkúta síbẹ̀. Nítorí náà má bínú pé lẹ́tà ni mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbọ́ ohùn baba wọn.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé rèé. Ilẹ̀ tí Bàbá Ajíbóyè yá wa lọ́nà Olúpọ̀nnà, a ti ṣán an, a ti sun ún, mo sì ti fi katakata kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Gbòǹgbò ni, kùkùté ni, òkúta ni. Ìyá rẹ ń fi ọwọ́ ṣà wọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Bàbá Ajíbóyè sì ti wí pé bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá bá ilẹ̀ òun láìgbìn, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ní ilẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń kó sínú àpótí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí fẹ́ kí n máa bá wọn tún pápá ìṣeré wọn ṣe. Iyanrìn tí wọ́n dà síbẹ̀ ti di gegele, àwọn ọmọ ń ṣubú.

Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, níbi tí o ti jókòó lórí katakata ní ọgbà ẹṣin tí o ti ń ṣiṣẹ́, mo rí irin eléyín kan nídìí katakata náà. Kareemah ní réèkì ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Irú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Wá ẹyọ kan rà fún mi. Ọ̀kan yẹn yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Èmi ni baba rẹ,
Àmúdà


Yorkshire, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
16 Oṣù Kẹwàá, 2024

Bàámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí Màámi, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ẹ̀yìn wọn ṣe katakata.

Réèkì tí ẹ rí nínú fọ́tò yẹn, ti pápá ìgẹṣin ni. Iyanrìn ló wà fún. Eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sún mọ́ra bí eyín ìyarun, irin pẹlẹbẹ kan sì wà lẹ́yìn wọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ nígbà tí eyín bá yà á tán. Àràárọ̀ ni mo ń fi í gbá pápá, torí bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, ẹṣin mìíràn lè fi ẹsẹ̀ rọ́. Kò mọ gbòǹgbò, kò mọ òkúta. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo gbé e gba ibi tó lápàáta díẹ̀, eyín mélòó kan kán, ọ̀gá mi sì bá mi wí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èyí tó yẹ oko yín yàtọ̀. Eyín tirẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí èékánná àṣá, wọ́n sì jìnnà síra kí erùpẹ̀ lè jò kọjá, kí gbòǹgbò kù sẹ́yìn. Sípíríǹgì wà nídìí eyín kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ lu òkúta, yóò tẹ̀, yóò sì tún padà sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ẹ bá sì gbé e wọ pápá ilé-ẹ̀kọ́, poro ni yóò kọ síbẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́.

Bàámi, kò sí ọ̀kan tó lè ṣe méjèèjì, ẹyọ kan ṣoṣo lagbára mi sì ká lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo katakata yín dáadáa. Apá méjì tó ń gbé ẹrù sókè nídìí rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra? Ihò orí wọn ńkọ́, báwo ló ṣe tóbi tó? Bí wọ́n bá gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, ṣé wọ́n ń dúró, àbí wọ́n ń rọra wá sílẹ̀ fúnra wọn? Bí mi ò bá mọ ìwọ̀nyí, ojú lásán ni mo fi ń rà á.

Ọmọ yín,
Habeeb


Ìwó,
2 Oṣù Kọkànlá, 2024

Habeeb,

Mo kí ọ. Mo ní kí o ra réèkì, o fi ìdánwò ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ Fátókun tó wà ní Jámánì fi ẹ̀rọ ìlọta ránṣẹ́ sí baba rẹ̀, kò béèrè bí ẹnu ata ṣe tóbi tó.

Ṣùgbọ́n kí o má baà ní mo ṣorí kunkun, mo ti wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà mi ni mo fi wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ méjì, ó ku díẹ̀ kó pé mẹ́ta. Ihò náà gba àtàǹpàkò mi, ó fún un díẹ̀. Ní ti gbígbé ẹrù, ó ń gbé e. Tó bá rẹ̀ ẹ́, a sọ ọ́ kalẹ̀. Bí àgbà ṣe rí nìyẹn, ìwọ náà yóò débẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú sí ìbéèrè rẹ. Èmi náà kò bínú. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti fẹ́ máa dé, lẹ́yìn ọyẹ́ òjò ni. Bàbá Ajíbóyè tún pàdé mi ní mọ́ṣáláṣí lánàá, ó kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń kí èèyàn báyẹn ní nǹkan nínú.

Àmúdà


Yorkshire,
24 Oṣù Kọkànlá, 2024

Bàámi,

Mo kí yín, mo tún bẹ̀ yín kí ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ bàtà yín ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Mo rántí bí bàtà yín ṣe gùn tó, mo wọ̀n ọ́n sí tèmi.

Ọ̀rọ̀ tó bà mí lẹ́rù ni ti apá tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Réèkì onípọn tó yẹ oko, bí apá yẹn bá gbé e díẹ̀ tó sì sọ ọ́ lójijì, ó lè dojú katakata sókè. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, katakata yín lè gbé e, ṣùgbọ́n oko yóò ṣẹ́ eyín rẹ̀. Bí mo ṣe wà nìyí: èyí tí oko fẹ́, katakata kò lè gbé e, èyí tí katakata lè gbé, oko kò ní í gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú apá náà wò. Bí ó bá ṣeé tún ṣe, ẹ kọ̀wé sí mi, màá ra onípọn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wí fún mi, ká jọ mọ ohun tí a óò ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kó ẹrù rẹ̀ sínú kọ̀ǹtéénà tó ń lọ sí Èkó lópin ọdún, ó ti bá mi fi àyè sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó lọ láìgbọ́ látọ̀dọ̀ yín.

Habeeb


Yorkshire,
29 Oṣù Kejìlá, 2024

Bàámi,

Ẹ kú ọyẹ́. Mo retí lẹ́tà yín títí, mi ò rí i. Mo pe Kareemah, ìpè kò wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ń ti kọ̀ǹtéénà lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti tún apá katakata ṣe, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fi ohun tó wúwo ránṣẹ́ sí yín. Réèkì tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rà. Kí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ pápá ilé-ẹ̀kọ́ ná. Bí Ọlọ́run bá dá wa sí, màá wá onípọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má gbé èyí wọ oko. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín. Eyín rẹ̀ tó bá kán kì í jábọ́ síbi tó ti kán. Ó ń fò bí ọta.

Habeeb


Ìwó,
11 Oṣù Kejì, 2025

Habeeb ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìnáwó, kú ìnára. Réèkì ti dé, kò sí ibi tó fi ha. Ìyá rẹ bu omi tútù sí i lórí, ó ṣe àdúà fún ọ títí ohùn rẹ̀ fi ha.

Fóònù Kareemah ló bọ́ sínú kànga, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òmíràn fún un ni. A kọ lẹ́tà lẹ́yìn tí tìrẹ dé, kò rí ọ̀nà lọ. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé kí o ra onípọn, pé mẹkáníìkì ti tú apá náà, rọ́bà inú rẹ̀ ló jẹ, ó sì ní òun yóò bá mi wá a ní Ìbàdàn. Ó ti wá padà, ó ti tún un ṣe. Ó ń gbé ẹrù dáadáa báyìí. Ìwọ sì ti ra tẹ́ẹ́rẹ́. Kádàrá ni, n kò bá ọ wí.

Mo ti lò ó ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ náà dára tó fi jẹ́ pé ọ̀gá wọn bọ́ bàtà kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ wọn.

Bàbá Ajíbóyè wá wo oko rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Habeeb, ìyá rẹ kò lè fi ọwọ́ ṣa oko yẹn tán kí òjò tó dé. Ibì kan wà níbẹ̀ tí erùpẹ̀ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Mo rò pé bí mo bá rọra wà á, tí n kò jẹ́ kí eyín wọlẹ̀ jìn, yóò gbà.

Àmúdà


Yorkshire,
12 Oṣù Kejì, 2025

Bàámi,

Mo bẹ Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe é, kò ní í gbà. Kò sí bí ẹ ṣe lè rọra wà á tí gbòǹgbò kò ní í di eyín mú. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ajíbóyè gba ilẹ̀ rẹ̀. A óò rí ilẹ̀ mìíràn, kódà kó jẹ́ ní Ilé-Ogbó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí mi pé ẹ kò ní í ṣe é.

Habeeb


Yorkshire,
4 Oṣù Kẹta, 2025

Bàámi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa.

Mo ń retí ọ̀rọ̀ kan péré yẹn. Fóònù Kareemah ń dún, kò gbé e. Ti Màámi wà ní pípa. Bí ẹ bá bínú sí mi, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Ẹ má dákẹ́.

Habeeb


Òṣogbo,
11 Oṣù Kẹta, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò gbé ìpè yín. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín, mi ò ní í lè sọ ọ́, ni mo fi ní kí n kọ ọ́.

Màmá wà nílé ìwòsàn. Wọ́n wà láàyè. Ẹ fọkàn balẹ̀ kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀ ni Bàámi so réèkì mọ́ katakata, a lọ sí oko. Màmá ní, "Bàbá Habeeb, ọmọ yín ní kí ẹ má ṣe é." Bàámi ní, "Ọmọ mi kò rí ilẹ̀ yìí." Apá ibi tí erùpẹ̀ ti rọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ dáadáa. Mo rí i tí Bàámi ń rẹ́rìn-ín. Èmi àti Màmá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, à ń kó gbòǹgbò tí réèkì fà jáde sí ẹ̀gbẹ́ oko.

Nígbà tó yá, wọ́n kọjá ibi tó rọ̀, wọn kò dúró. Ó dà bíi pé bó ṣe ń lọ dáadáa yẹn ló tàn wọ́n. Mo gbọ́ ìró kan bí ìbọn. Mo wẹ̀yìn, Màmá ti wà nílẹ̀. Eyín irin náà wọ ojúgun wọn lábẹ́ orúnkún, egungun ti yọ.

Màmá pariwo, "Bàbá Habeeb! Ẹ dúró!" Èmi náà pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń lọ. Wọn kò gbọ́. Ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò. Bí mo bá sáré tẹ̀ lé wọn, ẹ̀jẹ̀ Màmá ń dà; bí mo bá di ẹsẹ̀ Màmá mú, katakata ń lọ. Ìborùn mi ni mo fi di ẹsẹ̀ náà, mo ń pariwo títí ohùn mi fi lọ. Wọ́n wa katakata dé òpin oko. Ìgbà tí wọ́n ń yí padà kí wọ́n tún wá ni wọ́n tó rí wa. Ẹ̀rín ṣì wà lójú wọn.

Orí katakata náà la fi gbé Màmá dé títì. Ilé ìwòsàn Ìwó kò gbà wọ́n, wọ́n ní ká máa gbé wọn lọ sí Òṣogbo. Erùpẹ̀ ti wọ ojú ọgbẹ́ náà, àwọn dókítà ń sọ pé bóyá wọn yóò gé e, bóyá wọn kò ní í gé e. Bàámi jókòó síta láti ọjọ́ náà.

Kareemah


Yorkshire,
12 Oṣù Kẹta, 2025

Kareemah,

O ṣeun tí o di ẹsẹ̀ Màámi. O kò ṣe ohun tó burú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ọ, ìwọ náà má sọ ọ́ fún ara rẹ.

Mi ò lè wá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, wọ́n ń tún un ṣe, bí mo bá jáde báyìí, wọn kò ní í jẹ́ kí n wọlé mọ́. Mo lọ bá agbẹjọ́rò, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi parí, ó ní ó dun òun. Mo tẹ́ ẹní, mo kírun, mi ò rántí iye rákáà tí mo kí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ibi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n gbá pápá. Mo gun katakata, mo gbá a.

Bí wọ́n bá gé e, bí wọn kò gé e, kọ̀wé sí mi.

Habeeb


Ìwó,
20 Oṣù Karùn-ún, 2025

Habeeb, Àjàní ọkọ mi,

Èmi Sàrátù ìyá rẹ ni. Kareemah ń kọ ọ́, ẹnu mi ni. O kú àárò wa. Wọn kò gé e. Mo ti padà sílé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́, irin wà nínú rẹ̀. Igi ni mo fi ń rìn dé ilé ìwẹ̀.

Òjò ti dé. Bàbá Ajíbóyè wá kí mi pẹ̀lú iṣu, ó jókòó pẹ́, ó ní kí n má bínú, ẹlòmíràn ti ń gbin àgbàdo sí ilẹ̀ náà. Mo ní kò sí ìbínú. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ pe Kareemah. Baba rẹ ni. Àwọn èèyàn rò pé nítorí pé etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, èmi àti ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. À ń sọ ọ́ dáadáa. Ẹnu mi ló ń wò. Gbogbo ohun tí mo bá wí, ó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹlòmíràn tí òun lè ka ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti rí mi nílẹ̀ nínú oko, kò wo ojú mi mọ́. Yóò gbé oúnjẹ wá, yóò wo àwo. Yóò pa ọgbẹ́ mi lóògùn, yóò wo ẹsẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ kàn án, yóò dìde. N kò ní ọ̀nà tí mo lè gbà bá a sọ̀rọ̀ mọ́, Habeeb. Inú ilé kan náà la wà.

Mo ní kí Kareemah kọ ọ́ sínú ìwé fún un, ó ká a sínú àpò láìkà. Ṣùgbọ́n tìrẹ, n kò tíì rí èyí tí kò kà. Bá mi wí fún un kó wo mí.


Yorkshire,
22 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàámi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, ẹni tó rán mi wà nínú yàrá tó kángun sí yín.

Màámi ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ wo ojú wọn. Wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá yín sọ, ẹ kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ó lè má dùn. Èmi ì bá wá fúnra mi wá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mú kí n yí i sí ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé mi ò lè dé. Ìwé lásán ni mo ní.

Bí ẹ bá ti ka ibí yìí tán, ẹ dìde, ẹ lọ bá wọn.

Habeeb


Ìwó,
1 Oṣù Kẹfà, 2025

Habeeb ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo kà á, mo tún un kà, mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó dìde.

Ìyá rẹ wà lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, bó ṣe ń yọ òkúta kúrò. Lẹ́yìn náà mo gbé ojú sókè. Ó ti ń wò mí tipẹ́.

Mo rò pé èébú ni. Mo tún rò pé yóò ní òun ti forí jì mí, ìyẹn gan-an ni n kò fẹ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ní, "Bàbá Habeeb, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

N kò ní oògùn rẹ̀. Dókítà ti fún wa ní èyí tó ní, kò ràn án. N kò lè bá a gbé e, n kò lè bá a rù ú. Mo fi ọwọ́ lé e lórúnkún, mo ní, "Mo gbọ́."

Ó tún un sọ. Mo tún dá a lóhùn. Bí a ṣe wà nìyẹn títí Kareemah fi ti ilé ìránṣọ tó ti ń kọ́ṣẹ́ dé.

Baba rẹ,
Àmúdà